Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Oúnjẹ Òkèlè: Àkíyèsí lórí Èdè-Ìperí Àìsàn Àtọ̀gbẹ

Orúkọ méjì ni ó gbajúmọ̀ jù fún àìsàn yìí ní èdè Yorùbá: àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà. Ìhun ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò fara sin. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, tọ̀ àti gbẹ, nítorí pé ẹni tí ó ní in a máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ojú ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ ríran dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gíríìkì ìgbàanì ṣe: ohun tí ń ṣàn kọjá ni wọ́n fi pe tiwọn, àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn sì fi ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó tan mọ́ oyin kún un. Ọ̀rọ̀ àyálò ni ṣúgà ní tirẹ̀, nítorí náà ìtọ̀ ṣúgà kò lè pẹ́ púpọ̀ nínú èdè wa. Síbẹ̀ òun náà kò kúrò lórí ìtọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà fún àwa tí à ń kọ́ni tí a sì ń ṣe ògbufọ̀. Ní ọdún 1776, Matthew Dobson, oníṣègùn kan ní ìlú Liverpool, fi hàn pé adùn tí ó wà nínú ìtọ̀ aláìsàn wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Kíndìnrín a máa dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 180 mílígíráàmù nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni ó tó máa ń jò sínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá tó 126 ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun, tí àyẹ̀wò mìíràn sì jẹ́rìí sí i, ti di alátọ̀gbẹ. Ẹni tí ń wo èèrà lẹ́bàá ìtọ̀ rẹ̀ lè ti ní àìsàn yìí kí èèrà tó dé. Ìdí nìyí tí a fi dábàá pé kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìperí gbòógì nínú gbogbo ìwé tí a bá kọ fún aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ náà ṣúgà alára tún ń fa àṣìgbọ́. Ní ẹnu àwọn ènìyàn, ohun tí a ń bù sí tíì ni ṣúgà. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé ‘má jẹ ṣúgà mọ́’, aláìsàn yóò yọ ọ́ kúrò nínú tíì àti ògì, yóò sì fi ọkàn balẹ̀ jókòó ti òkìtì ẹ̀bà. Bẹ́ẹ̀ sì ni sítáàṣì, ìyẹn èròjà tí í mú kí ògì ó ki, kò yàtọ̀ sí gúlúkóòsì tí a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Itọ́ ẹnu àti omi inú ìfun ni í já okùn rẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ínsúlíìnì tí páńkíríà ń pèsè ni ó yẹ kí ó ṣílẹ̀kùn fún un láti wọ inú iṣan. Nínú ẹ̀yà kìíní àìsàn yìí, páńkíríà kò pèsè rẹ̀ tó nǹkan mọ́. Nínú ẹ̀yà kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, ara kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ó ti yẹ. Nínú 100 gíráàmù gààrí gbígbẹ, nǹkan bíi 80 ni yóò di ṣúgà: ìyẹn tó bíi 20 ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní afáralókun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oríkì ni. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ti rù pé kí ó dín ohun tí ń fára lókun kù? A kò ní kí a pa ìperí yìí rẹ́, nítorí ó ti fìdí múlẹ̀. Ohun tí a ń dábàá ni pé kí adiṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé alátọ̀gbẹ, kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ ohun tí oúnjẹ yóò dà.

Ní ọdún 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó fi bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ti ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè wé ti gúlúkóòsì, tí ó jẹ́ 100. A lè pè é ní òṣùwọ̀n ìdiṣúgà. Ẹ̀wà wà nísàlẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n sàn ju èyí tí ó pọ́n lọ, nítorí pé bí ó ti ń pọ́n ni sítáàṣì rẹ̀ ń di ṣúgà. Àwọn kan wá gbà pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣúgà rárá, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Adiṣúgà ni òun náà; bí a bá sì ti lọ nǹkan kúnná, ìfun a máa tètè dà á.

Gírámà wa pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ yìí. ‘Ó fi ẹ̀fọ́ jẹ àmàlà’ ni à ń wí: àmàlà ni àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ, ẹ̀fọ́ sì jẹ́ ohun èlò lásán. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń fún aláìsàn ni pé kí ewébẹ̀ gba ìdajì àwo, kí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìdámẹ́rin, kí adiṣúgà gba ìdámẹ́rin yòókù. Ọ̀tọ̀ ni àwo ọbẹ̀ tiwa sí àwo òkèlè, nítorí náà bí a bá túmọ̀ ìlànà yìí ní olówuuru, kò sí ẹni tí yóò rí ìdajì kankan. Ó sàn kí a kọ ọ́ pé ‘fi àmàlà tí ó tó ìkúùkù kan jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀’. Ìwádìí sì ti fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣáájú adiṣúgà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kì í ga tó bí ìgbà tí adiṣúgà bá ṣíwájú.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí a ń kọminú sí: kápá. ‘Kápá ṣúgà rẹ’ ń mú kí aláìsàn rò pé bí ó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ni ó ń dára tó. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tí ń lo àwọn oògùn kan, tí ó wá fo oúnjẹ tàbí tí ó gbààwẹ̀ láìfi tó dókítà létí, lè bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ 70. Òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè dákú. Nígbà náà, ṣúgà tí a ní kí ó sá fún ni yóò gbà á là: nǹkan bíi 15 gíráàmù, tàbí ṣíbí kékeré mẹ́rin nínú omi, bí ó bá ṣì lè gbé e mì. Nítorí èyí ni a fi fara mọ́ ‘mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì’, kí a sì kọ 70 sí ojú ewé kan náà tí a bá kọ 180 sí.