Àwọn Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn

Ọba tí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbòòrò kò lè wà níbi gbogbo. Dandan ni kí ó ní aṣojú. Ta ni yóò wá máa ṣọ́ aṣojú náà? Dáríúsì, tí ó gorí oyè Páṣíà ní ọdún 522 ṣáájú ìbí Jésù, fi gómìnà sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti gba owó orí àti láti dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kò fọkàn tán wọn. Àwọn ará Gíríìsì tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ náà sọ pé ọba fúnra rẹ̀ ni àwọn balógun kan ń jíṣẹ́ fún, kì í ṣe gómìnà, àti pé àwọn ìránṣẹ́ tí a ń pè ní Ojú Ọba a máa lọ yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Ìṣòro kan náà dé bá Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840, agbára wọn tàn dé Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó. Igbó àti oko ni Bódìjà àti Àgbówó ṣì jẹ́ nígbà náà, síbẹ̀ àṣẹ Ìbàdàn ti kọjá odò Ọ̀ṣun. Wọn kì í sábà yọ ọba ìlú lóyè. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ni ó ń gba àlejò tí ó ti Ìbàdàn wá, tí ó sì ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ìlú ni ó ń bọ́ ọ, òun àti ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí ni wàhálà gan-an: wọn a wọ agboolé olóhun, wọn a sì mú ewúrẹ́ àti adìẹ láìbéèrè.

Ibo ni ìlú yóò gbé ẹjọ́ lọ? Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí í ṣe babakékeré rẹ̀, tí ó yẹ kí ó máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ètò yìí dùn létí. Ṣùgbọ́n ènìyàn babakékeré ni ajẹ́lẹ̀ sábà máa ń jẹ́, nínú ohun tí ajẹ́lẹ̀ bá sì kó wálé ni babakékeré ti ń jẹ. Ta ni yóò fi ẹjọ́ ọmọ sun baba tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan? Òótọ́ ni pé àwọn gómìnà Páṣíà náà ṣọ̀tẹ̀ sí ọba nígbà tí ó yá. Ní ti Ìbàdàn, àwọn ìlú tí a ń jẹ gàba lé lórí ni ó ṣọ̀tẹ̀.

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Èyí ni ogun Kírìjí. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun náà ní 1885. Ní ọdún kejì, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fún Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní òmìnira, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká.