Ìròyìn tí Ọpọlọ Fi Ń Darí Ara

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé àṣẹ nìkan ni ọpọlọ ń pa fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọba kò ti lè ṣe àkóso ìlú láìgbọ́ ìròyìn lẹ́nu àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kò lè darí ara láìgbọ́ ohun tí ojú, awọ ara àti iṣan ń sọ fún un. Ẹ di ojú yín, kí ẹ sì fi ìka kan imú: ìka yóò débẹ̀ láìṣìnà, nítorí pé iṣan apá ń ròyìn ibi tí apá wà.

Ní ọdún 1971, àìsàn kan kọlu Ian Waterman, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ẹni ọdún 19. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ bàjẹ́ láti ọrùn títí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé àṣẹ kò bàjẹ́. Síbẹ̀, kò lè dìde, kò sì lè rìn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi kọ́ bí a ti ń fi ojú ṣọ́ ẹsẹ̀ kí ó tó tún lè rìn. Bí iná bá kú lójijì, ó lè ṣubú.

Nígbà mìíràn, ìròyìn ń dé, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò lò ó bí ó ti yẹ. Nínú àìsàn tí James Parkinson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1817, ẹsẹ̀ aláìsàn a máa dà bí ẹni pé ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fa ìlà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìlà náà. Àwọn mìíràn wà tí ọrùn wọn a máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìka kan àgbọ̀n wọn pẹ́lẹ́, ọrùn a sì tọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìka kò ti ọrùn. Ìmọ̀lára rẹ̀ ni ó ran ọpọlọ lọ́wọ́. Èyí kì í wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ó mú un rọrùn.

Ẹni tí kò mọ èyí lè wí pé, “Bí ó bá lè kọjá lórí ìlà, èé ṣe tí kò lè rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú? Ó ń díbọ́n ni.” Ẹlòmíràn yóò ní èpè ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí ẹ sì ní sùúrù fún un lójú ọ̀nà.