Ọmọ ń jà níléèwé, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe nílé: Ohun tó yẹ kí òbí àti olùkọ́ jọ ṣe

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, ìró kan dún ní Bódìjà Àtijọ́, nílùú Ìbàdàn, tó mi ilé tìtì títí dé àwọn àdúgbò tó jìnnà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé nígbà náà pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 5 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, àwọn tó fara pa sì lé ní 70. Ilé tó wó ṣeé kà, egbò ṣeé dì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka jìnnìjìnnì tó bo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ọmọ ọdún 4 kì í sọ pé jìnnìjìnnì bo òun. Ìwà rẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́. Èyí tó ti ń dá sùn tẹ́lẹ̀ yóò rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀; èyí tí kì í tọ̀ sórí ẹní mọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀; òmíràn yóò máa lu ẹgbẹ́ rẹ̀ láìnídìí. Ilẹ̀kùn tó pa dé gbàgà ti tó láti mú un sá sábẹ́ tábìlì. Kì í sì í ṣe ìbúgbàmù nìkan ló ń fa irú èyí o. Ìjà bàbá àti ìyá, ọ̀fọ̀, ìyà àjẹjù, kíkó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí tí kò mọ̀ rí, gbogbo wọn ló lè yí ọmọ padà. Bó bá ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bó bá kọjá oṣù kan, tó sì ń dí ọmọ lọ́wọ́ oúnjẹ, oorun tàbí ẹ̀kọ́, ó ti di ohun àmójútó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ojú méjì ni ọmọ ní. Èyí tó ń jà ní kíláàsì lè máa jókòó pẹ̀lẹ́ nílé nítorí ẹ̀rù bàbá. Èyí tó ń sunkún lóru lè dákẹ́ lọ́ọ́ níléèwé, kí olùkọ́ máa yìn ín pé ọmọ dáadáa ni. Ẹnu géètì ni ẹjọ́ ti ń délẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ẹ káàsán, Mà. Ó tún gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ lónìí o.”

Ìyá á bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá délé, ó di pàṣán. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà yóò tún gé ẹlòmíràn jẹ. Olùkọ́ ní wọn kò tọ́ ọ nílé, ilé ní olùkọ́ kórìíra ọmọ àwọn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó gé ni jẹ.

Lọ́dún 1997, Robert Goodman, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ìbéèrè 25 péré ni: ṣé ọmọ máa ń bínú, ṣé ó lọ́rẹ̀ẹ́, ṣé ó máa ń ṣàánú ẹlòmíràn? Òbí ń kọ tirẹ̀, olùkọ́ ń kọ tirẹ̀. Ìdáhùn wọn kì í sábà bára mu tán, èyí kò sì sọ pé ẹnì kan ń parọ́. Ibi tí wọn kò ti bára mu lè fi ibi tí ìṣòro fì sí hàn.

Ní Amẹ́ríkà, Susan Sheridan ti Yunifásítì Nebraska ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí bí àwọn méjèèjì ṣe lè jọ jókòó, kí onímọ̀ kan ṣe alárinà. Wọn kò ní tú gbogbo ẹ̀sùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìwà kan tàbí méjì ni wọn yóò mú, wọn yóò sì kọ ohun tó ń ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó ń tẹ̀lé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ká ní ọmọ tó ń gé ni jẹ yẹn ni. Olùkọ́ lè rí i pé ìgbà tí agogo ìsinmi bá lù, tí ariwo bá sọ, ló máa ń ṣe é. Ìyá á wá rántí pé láti alẹ́ ìbúgbàmù ni ọmọ ti kórìíra ariwo. Wọn yóò fẹnu kò: olùkọ́ yóò ti sọ fún un kí agogo tó lù, yóò sì fà á lọ́wọ́ jáde, nílé, ìyá yóò kọ́ ọ láti sọ pé ariwo pọ̀ jù. Ọjọ́ tí kò bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, olùkọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ìyá yóò kà á, yóò sì yìn ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn yóò tún pàdé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ète ni wọn yóò yí padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn á ní ẹgba ni wọ́n fi tọ́ àwọn. Ẹgba lè dá ọmọ dúró lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló tún ń fi kún ẹ̀rù.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Láḿbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, àwọn abúlé tó wà nítòsí ni aláìsàn ń gbé, ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ló ṣíwájú nínú ìdásílẹ̀ ibùdó tí Yunifásítì Ìbàdàn yà sọ́tọ̀ fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, UCH kò sì jìnnà sí Bódìjà. Ẹni tó bá gbé ọmọ lọ síbẹ̀ kò pe ọmọ rẹ̀ ní wèrè. Kó mú ìwé kékeré yẹn dání, nítorí dókítà yóò béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe níléèwé.

Àkókò ni ìṣòro tó kù. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Bódìjà títí ilẹ̀ fi ṣú kì í rí olùkọ́ sójú. Ọlọ́kadà tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń wá mú ọmọ. Ẹni tó bá wá mú un náà ni kó gbé ìwé yẹn wálé. Ìlà kan tó fún olùkọ́ láti kọ. Bí ìyá àgbà bá sì ń gbé nínú ilé, kí wọ́n pe òun náà sí ìpàdé, nítorí òun ló mọ bí ọmọ ṣe sùn.