Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bọ́tìnì sítátà lára katakata àtijọ́

Lára Ferguson TE20, tí wọ́n ṣe ní ìlú Coventry láàárín 1946 sí 1956, ẹ ò ní rí bọ́tìnì kankan. Ọ̀pá jíà fúnra rẹ̀ lẹ ó tì sí “S” kó tó ṣáná. Ọgbọ́n ńlá ni: ẹ́ńjìnnì ò lè jí nígbà tí jíà bá wọlé. Ti Ford 8N, bọ́tìnì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nítòsí ọ̀pá jíà, ó sì lè ṣòro fún àgbàlagbà láti tẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ gbé e wá síwájú? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kí rìwáyà yín má fa wáyà ńlá bátìrì wá sí dáṣíbọ́ọ̀dù o. Iná tí sítátà ń fà pọ̀ jù. Solenoid, ìyẹn swíìṣì ńlá tí iná kékeré ń darí, ni kó fi sáàárín bátìrì àti sítátà, kí wáyà tín-ínrín tó ní fúùsì lọ bá bọ́tìnì.

Ẹ má sì jẹ́ kó yọ swíìṣì tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí nígbà tí jíà bá wọlé. Ní Ìdànrè tí òkè àti àpáta yí ká, ọ̀pọ̀ ló ń fi jíà há katakata kó má yí lọ. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀ ṣáná sí i báyẹn, táyà ẹ̀yìn lè gùn ún mọ́lẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó sórí àga nìkan lè dé ni kí bọ́tìnì wà.

Ẹ tú orí bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.