Glaucoma: Kí ló dé tí oògùn steroid fi ṣe pàtàkì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú, tó sì tún lè ba ojú jẹ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ glaucoma ló máa ń rò pé ìṣòro ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kúrò nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀lé e gan-an ló máa ń sọ bóyá iṣẹ́ abẹ náà máa dúró, ìgò oògùn kékeré tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ sì wà lára ohun tó máa pinnu rẹ̀.

Nínú àwọn àìsàn tó ń fọ́ ojú láìsí àtúnṣe, glaucoma ló wà níwájú lágbàáyé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú èèyàn 20 tó ti pé ọdún 40 sókè, ó tó ẹnì kan tó ní in. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì mọ̀.

Kí ni dókítà ń ṣe nínú iṣẹ́ abẹ náà?

Omi kan wà nínú ẹyinjú, tó yàtọ̀ sí omijé. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, á máa ti iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ, títí tí iṣan náà á fi kú díẹ̀díẹ̀. Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní trabeculectomy, dókítà á la ọ̀nà kékeré tuntun sára funfun ojú, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí omi náà lè máa sun jáde.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ara kò mọ̀ pé ńṣe ni dókítà mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò náà. Ọgbẹ́ ló kà á sí, ọgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ jiná. Tí ojú ọgbẹ́ bá pa dé níbòmíràn lára, inú wa á dùn. Tó bá pa dé pátápátá níbí, owó àti ìnira ti di òfo nìyẹn. Ojú àwa aláwọ̀ dúdú sì máa ń tètè lé àpá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí ju ti àwọn mìíràn lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń fi oògùn bíi mitomycin C sí ojú ibẹ̀ lásìkò iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n á sì tún fún aláìsàn ní steroid tó ń kán sójú, bíi prednisolone tàbí dexamethasone. Steroid ń pẹ̀rọ̀ sí wíwú àti pípọ́n tó máa ń di àpá. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995 tẹ̀lé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ọdún mẹ́wàá: ojú àwọn tó lo steroid dúró dáadáa ju ti àwọn tí kò lò ó lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lè ní kí o máa kán an lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, kí wọ́n tó máa dín in kù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nígbà mìíràn títí di oṣù méjì tàbí mẹ́ta. "Ojú ò pọ́n mọ́" kọ́ ni àmì pé kí o dáwọ́ dúró. Tó bá jẹ́ prednisolone tó máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò ni, mi ìgò náà dáadáa kí o tó kán an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi lásán lo lè máa kán sójú.

Má ṣe fo ọjọ́ tí dókítà dá fún ọ, bí owó ọkọ̀ tilẹ̀ wọ́n. Tí àpá bá ń bẹ̀rẹ̀, ó ṣì lè tú okùn tí wọ́n fi rán an, tàbí kó gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Tó bá ti pẹ́, ó lè di iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Oògùn kan náà ló tún ń dá glaucoma sílẹ̀

Steroid máa ń mú kí ìfúnpá inú ojú àwọn kan lọ sókè, láìsí ìrora kankan. Ó tún lè fa ojú tó ń ṣú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà àti Ghana ń rà á ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà, wọ́n sì ń kán an sójú ọmọ tí ojú ń yún fún oṣù gbọọrọ. Àwọn mìíràn ń lò ó fún Apollo. (Ní Ghana, ní 1969, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn náà, lásìkò tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.) Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa Apollo, steroid kì í pa á.

Nítorí náà, má ṣe fún ará ilé ní èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò rẹ. Tí o bá sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí rí, kódà tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, tí ojú náà ṣàdédé pọ́n, tó ń dùn ọ́, tó ń ṣe ipin tàbí tí ìríran rẹ ń ṣú, lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Kòkòrò àrùn lè ti gba ojú ihò náà wọlé.