Ìwẹ̀, Ìwòsàn tàbí Ìtọ́jú? Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìrànlọ́wọ́ tí Omi ń ṣe fún Ọmọ Ọ̀tísìmù

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé olùkọ́ kan ní Ọ̀tan Ayégbajú fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá kan pé omi lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà kì í wo ènìyàn lójú. Bí ariwo bá pọ̀, a máa fi orí gbá ògiri. Orúkọ wo ni olùkọ́ yóò pe ìrànlọ́wọ́ yìí? 'Ìwẹ̀' àti 'ìwòsàn' ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu atúmọ̀-èdè. Ní èrò tèmi, kò yẹ kí a gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìpínlẹ̀ tí Ọ̀tan wà ń jẹ́ orúkọ odò Ọ̀ṣun, odò tí àwọn tí ń wá ọmọ àti àwọn tí ń wá ìlera fún ọmọ ti ń bu omi rẹ̀ mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Iléṣà, ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, ọ̀pọ̀ ènìyàn mu omi tí a gbàdúrà sí, wọ́n sì pè é ní omi ìyè. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé 'ìwẹ̀' kì í dá rìn: ìwẹ̀nùmọ́ àti ètùtù ń tẹ̀ lé e. Bí àwọn ará ilé bá sì ti ń pe ọmọ náà ní ẹlẹ́gbẹ́ tàbí emèrè, ojú odò ni ọ̀rọ̀ yìí yóò darí wọn sí. Ewu ńlá sì ni. Ìwádìí kan lórí àkọsílẹ̀ ikú ní Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé ewu kí omi pa ọmọ ọ̀tísìmù tí kò tí ì pé ọdún 15 tó ìlọ́po 160 ti àwọn ọmọ yòókù.

'Ìwòsàn' ńkọ́? 'Wò' àti 'sàn' ni ó bí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò máa retí sísàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1943 tí Leo Kanner ti kọ̀wé nípa ọmọ 11, kò tí ì sí ohun tí ń wo ọ̀tísìmù sàn. Ọ̀nà tí ọpọlọ gbà dàgbà ni. Iṣẹ́ tí omi ń ṣe mọ níwọ̀n. Omi a máa tẹ ara yíká lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀já tí a dì pinpin ti ń mú ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ara a sì rọ ọmọ mìíràn wọ̀ọ̀. Ní ọdún 1949 ni James McMillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Halliwick ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ọmọbìnrin aláàbọ̀ ara: olùkọ́ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, nínú omi, láìlo ohun ìléfòó kankan. Ní Táíwàn, Chien-Yu Pan ṣe ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2010 lórí ọmọkùnrin ọlọ́tísìmù 16. Ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ọlọ́sẹ̀ 10 tún àjọṣe wọn pẹ̀lú ẹlòmíràn ṣe. Ọmọ 16 kò pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ ńlá bo ẹ̀rí kékeré.

'Ìtọ́jú' ni ó bá a mu, nítorí kò ṣèlérí òpin. Ṣùgbọ́n 'ìtọ́jú omi' kò ṣe é lò: iṣẹ́ àwọn tí ń sẹ́ omi ẹ̀rọ fún ìlú ni ìyẹn, omi gan-an ni à ń tọ́jú níbẹ̀! 'Inú' ni ó lè yọ wá: 'ìtọ́jú-inú-omi'.

Kí a má sì pe ohun tí à ń tọ́jú ní 'ìwà'. Ẹni tí a bá ní ìwà rẹ̀ kò dára, ẹ̀bi ni a dá a. 'Ìṣòro ìṣesí' kò dá ọmọ lẹ́bi.

Ní ti 'ọ̀tísìmù', mo fara mọ́ àyálò. 'Ara ẹni' ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó ti wá, ṣùgbọ́n bí a bá ti ibẹ̀ ṣẹ̀dá 'ìdáwà', a ó jẹ́ kí ènìyàn rò pé ó wu ọmọ náà láti dá wà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ wa tí fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í gba ohùn òkè níbẹ̀.

Ó ku orúkọ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà. 'Olùtọ́jú-inú-omi' dún létí mi bí ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò. A ń retí àbá àwọn olùkọ́, pàápàá àwọn tí ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà.