Ibùba Láìsí Ìrẹ́jẹ: Ìlànà Ṣíṣètò Ìkọlù Òjijì Nínú Eré Ìtàn-Àròsọ

1. Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lè kọ́kọ́ dà bí eré ọmọdé létí yín. Eré kan ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n ṣe é, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1974 ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Inú eré ogun orí tábìlì, èyí tí a ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣe, ni ó ti hù jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé akópa kọ̀ọ̀kan kò darí odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun mọ́. Ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo ni ó ń gbẹnu sọ fún. Ẹnì kan láàrin wọn ni olùdarí. Òun ni ó ń ṣàpèjúwe ayé inú ìtàn, òun ni ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ọ̀tá, òun náà ni ó sì ń ṣe onídàájọ́. Dáìsì ni wọ́n ń dà, bí a ti ń dà á nínú lúdò, nígbà tí àbájáde ohun kan kò bá dájú.

Ẹ kíyè sí agbára tí a kó lé olùdarí yìí lọ́wọ́. Bí ó bá wí pé ogún ọ̀tá wà lẹ́yìn igi, wọ́n wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibi tí agbára yìí ti tètè ń di ìrẹ́jẹ tó ibùba. Ẹ̀dá-ìtàn tí akópa ti fi odidi ọdún kan tọ́ dàgbà lè kú láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kú láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín rí nǹkan kan ṣe sí i, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó so àwọn akópa pọ̀ mọ́ olùdarí ti já. Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni a ṣe lè ṣètò ibùba tí yóò ba akópa lẹ́rù, tí kò sì ní í rẹ́ ẹ jẹ?

2. Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

Èdè wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ti dáhùn kí a tó béèrè. Bí ibùsùn ti jẹ́ ibi tí a ń sùn sí, tí ibùjókòó jẹ́ ibi tí a ń jókòó sí, tí ibùdó sì jẹ́ ibi tí a ń dó sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ibùba jẹ́ ibi tí a ń ba sí. Ibi kan ni ibùba kí ó tó di ìkọlù. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ibi, ènìyàn lè wò ó, ó lè fura sí i, ó sì lè yà fún un. Ìkọlù tí kò ní ibi kankan tí a lè fura sí kì í ṣe ibùba. Ẹnu olùdarí nìkan ni ó ti wá.

3. Ohun tí Òfin Eré Wí

Nínú òfin ọdún 1974, dáìsì olójú mẹ́fà ni a fi ń mọ̀ bóyá òjijì bá ẹgbẹ́ kan. Bí 1 tàbí 2 bá yọ, ó bá wọn nìyẹn, ọ̀tá a sì wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 30 sí wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni èyí, ó sì dà bí ẹni pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá pàdé ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹta ní ìjókòó kan, ìgbà 8 péré nínú 27 ni òjijì kò ní í bá wọn rárá. Ní ìgbà 19 yòókù, yóò bá wọn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Dáìsì náà kò sì béèrè bóyá wọ́n ṣọ́ra tàbí wọn kò ṣọ́ra.

Nínú ẹ̀dà karùn-ún, tí ó jáde ní ọdún 2014, ọgbọ́n ìfarapamọ́ ọ̀tá ni a ń fi wé ìfura ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí òjijì bá kò lè rìn, kò sì lè ṣe ohunkóhun nígbà tí ó kọ́kọ́ kàn án. Àtúnṣe ọdún 2024 dín ìyà yìí kù. Ẹni tí òjijì bá yóò da dáìsì olójú ogún lẹ́ẹ̀mejì láti mọ ìgbà tí yóò kàn án, èyí tí ó kéré ni yóò sì mú. Dípò 10.5 tí à bá máa retí, nǹkan bí 7 ni a óò máa rí.

Bí a bá wo ìtàn àwọn òfin wọ̀nyí fínnífínní, a óò rí i pé wọ́n ti kúrò lórí orí-ire lásán, wọ́n sì ti bọ́ sórí ìfura. Síbẹ̀, òfin kò lè gbin àmì sí ojú ọ̀nà. Olùdarí ni ó ni iṣẹ́ yẹn.

4. Ìlànà Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀dá-ìtàn mẹ́rin ń da ìbaaka elẹ́rù kan kọjá lórí afárá okùn. Goblin mẹ́fà, àwọn ẹ̀dá kúkurú olójúkòkòrò inú ìtàn wọn, ba dè wọ́n.

Èkíní ni ìdí. Kí ni goblin ń wá? Bí ebi bá ń pa wọ́n, ẹrù orí ìbaaka ni wọn yóò dojú kọ, kì í ṣe ẹ̀mí ènìyàn. Bí méjì bá ṣubú nínú wọn, àwọn yòókù yóò sá. Ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀tá mọ ibi tí ìjà yóò parí sí.

Èkejì ni ibi. Àpáta tí ó fi ọ̀tá pamọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹgbẹ́ tí akópa náà lè sá sí. Ibi tí ẹnì kan ṣoṣo ti lè lo ilẹ̀ kì í ṣe pápá ìjà, pàkúté ni.

Ẹ̀kẹta ni àmì. Ẹyẹ kò ké mọ́. Ìgbẹ́ ìbaaka tútù wà ní ìhín afárá, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan ní ọ̀hún. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ kan okùn afárá. Mo dábàá àmì mẹ́ta, nítorí ẹyọ kan lè bọ́ mọ́ ènìyàn lójú, kí a sì sọ wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni àyè. Kí ìkọlù àkọ́kọ́ má ṣe pa ẹnikẹ́ni. Kí ó já okùn, kí ó pa àtùpà, kí ó ya ẹgbẹ́ sí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó ku ohun méjì, ó kéré tán, tí akópa lè yàn láàrin wọn: kí wọ́n sáré kọjá, kí wọ́n padà sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n ju ẹrù sílẹ̀.

5. Àwọn Kobold Tucker

Ẹnì kan lè wí pé ogun gidi kì í fi àmì ránṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ogun gidi, ọ̀tá kọ́ ni onídàájọ́. Nínú eré yìí, ẹnì kan náà ni méjèèjì, nítorí náà ni ó fi jẹ ẹnìkejì ní gbèsè àmì.

Ẹlòmíràn lè wí pé àmì yóò ba ìyàlẹ́nu jẹ́. Ẹ wo ohun tí Roger E. Moore kọ nínú ìwé ìròyìn Dragon, nọ́ńbà 127, ní oṣù kọkànlá ọdún 1987. Kobold wà lára àwọn ọ̀tá tí ó rọ jù nínú eré náà. Ìwé Monster Manual ti ọdún 1977 fún wọn ní ìwọ̀n ẹ̀mí 1 sí 4 péré. Síbẹ̀, lọ́wọ́ olùdarí kan tí à ń pè ní Tucker, wọ́n fi iná, ilẹ̀kùn títì àti ọ̀nà tóóró lé àwọn akọni tí ó lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n ju agbára lọ. Èmi rí òmíràn. Àwọn akópa wọ̀nyẹn mọ̀ dájú pé kobold ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ kò dín ìbẹ̀rù kù. Òun gan-an ni ó bí i.

6. Ìkádìí

Ìdánwò kan ni mo dábàá fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò ibùba. Nígbà tí ìjà bá parí, tí akópa bá béèrè pé, “Kí ni à bá ti ṣe?”, kí olùdarí lè nawọ́ sí ibì kan nínú ohun tí ó ti sọ, kí ó sì wí pé, “Níbí yìí.” Bí ó bá rí ibẹ̀ nawọ́ sí, òfò ni akópa ṣe, yóò sì gbọ́n sí i lọ́la. Bí kò bá rí i, a dá ẹnì kan lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni.